Àpótí Ẹṣin fún Orogún Mi

Ọjọ́ Ajé, 1 Fẹ́búárì 2021

Wọ́n ti ta ilẹ̀ Gonin Gora, níhìn-ín ní Kaduna, mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ibi tí ọkọ mi kọ́ ilé ẹṣin sí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, ká ti jáde. Ẹni tó ni ilẹ̀ fi ohùn tútù sọ ọ́, ó ní, "Hajiya, sai haƙuri." Sùúrù. Bí sùúrù bá jẹ́ oúnjẹ ni, ǹ bá ti sanra.

Gàfárù, ọkọ mi, tó yẹ kó bá wọn jà wà lórí àga onítáyà rẹ̀ ní pálọ̀. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó kó ọ̀rọ̀ lọ mọ́ ọn. Ọkùnrin tó ń tọ́ ẹṣin pólò fún àwọn ọ̀gá sójà, tí ohùn rẹ̀ ń dé ìpẹ̀kun pápá — "hm" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. A ti ta gbogbo ẹṣin nítorí oògùn. Ó ku ẹyọ kan, abo ẹṣin pupa tó ti dàgbà. Amárìyà ló sọ ọ́. Ìyàwó tuntun nìyẹn lédè Hausa! Lójú mi ló ṣe sọ ọ́, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Orogún. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ìwé. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ọjọ́rú, 3 Fẹ́búárì

Bàbá Kékeré pè láti Ìlọrin. Àbúrò ọkọ mi ni, Abdulkareem. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń dán an wò. Ó ní ká máa bọ̀ nílé kí gbogbo wa jọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n òun, yàrá wà, àgbàlá wà. Òótọ́ ni. Èmi nìkan kò lè máa gbé e mọ́. Ẹ̀yìn ń ro mí, àwọn tó ń gbé aṣọ wá fún mi rán ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ó wá ní ká ta ẹṣin. Fóònù wà létí Gàfárù nígbà tó sọ ọ́. Omi já bọ́ lójú ọkọ mi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, mi ò rí i kó sunkún. Mo gba fóònù, mo ní ẹ má bínú, Bàbá Kékeré, àwa àti ẹṣin la jọ ń bọ̀. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Èmi!

Ọjọ́bọ̀, 4 Fẹ́búárì

Ṣé orí mi pé ṣá?

Jímọ̀, 5 Fẹ́búárì

Mo lọ sí Gonin Gora. Bẹ̀llò, atọ́jú ẹṣin wa, ní kò sí wàhálà, lọ́rì tó ń kó yanrìn pọ̀. Bí ẹṣin ṣe ń rìnrìn-àjò ní Kaduna nìyẹn: lọ́rì á fi ẹ̀yìn ti òkìtì, ẹṣin á gun òkìtì, á fò wọ inú rẹ̀, ẹnì kan á dúró tì í lórí, á di okùn rẹ̀ mú títí wọ́n á fi dé. Gàfárù ni ẹni náà nígbà gbogbo. Ó bá Orogún dúró lọ sí Kánò, ó bá a dúró lọ sí Jos. Á padà wálé pẹ̀lú eruku nínú irùngbọ̀n, á máa sọ fún mi bí ẹṣin ṣe jẹun.

Àmọ́ dókítà ẹran wò ó lónìí. Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti rọ, kò gbọ́dọ̀ fo nǹkan kan mọ́. Àyà rẹ̀ náà ń hùn, eruku ọyẹ́ nínú lọ́rì á pa á. Àfi àpótí ẹṣin — ilé kékeré onítáyà tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá fi ń gbé ẹṣin wá sí pápá pólò. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé wọ́n ń ta áísìkirimù nínú rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, 8 Fẹ́búárì

Ilham, ọmọ mi, ti ń wo fóònù láti àárọ̀. Mo bá a sọ Yorùbá, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, ìṣe rẹ̀ ni. "Mummy, this one has a camera." Kámẹ́rà tí awakọ̀ á fi máa wo ojú ẹṣin. Òmíràn ní táǹkì omi, ó ní yàrá tí èèyàn ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó ní ibùsùn. Mo ní ṣé gómìnà la fẹ́ gbé ni? Ó bínú wọ yàrá.

Ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́, a jọ jókòó. Ọmọ yìí ní ọpọlọ nígbà tí kò bá ń bínú. A fẹnu kò pé ilẹ̀ àpótí ló ṣáájú: bí pákó rẹ̀ bá jìn, ẹsẹ̀ ẹṣin á máa wọ́ lórí ọ̀dà. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ibi tí á gbà gun un, kó má ga, kó má yọ̀, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ká sì lè yọ pákó àárín kúrò kó lè ya ẹsẹ̀ dúró. Kó ní búréèkì tirẹ̀. Ẹwà kò sí níbẹ̀. Gàfárù ń gbọ́, ó ń mi orí. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn, àbí ó fẹ́ sọ nǹkan. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́, ìyẹn ló ń pa mí.

Ọjọ́rú, 10 Fẹ́búárì

Ìyá Hephzibah, aládùúgbò wa, ní, "Ìyá Ilham, èèyàn ò rí mọ́tò wọ̀, ẹ wá fẹ́ ra mọ́tò fún ẹṣin." Ó ń rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín. Owó ìfẹ̀yìntì Gàfárù ni, òun ló ni ẹṣin rẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ, mi ò rán nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Fẹ́búárì

Téèpù tí mo fi ń wọn ìbàdí àwọn ìyá ìyàwó ni mo fi wọn orogún mi lónìí. Bẹ̀llò dì í mú. Èmi dúró lókèèrè, mo ń na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ mú ẹyin lábẹ́ adìẹ tó ń sàba. Gígùn, ìbú, gíga dé etí. Mo fi ìdẹ̀ra kún un bí ẹni ń rán bùbá: ohun tó ń mí gbọ́dọ̀ rí àyè mí. Bẹ̀llò ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lédè Hausa, ó rò pé mi ò gbọ́. Wọ́n bí mi sí Kaduna, ọmọ yìí!

Ọjọ́ Ajé, 15 Fẹ́búárì

Kakuri. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi fi ìgbà èwe rẹ̀ sìn. Koríko ti ga ju géètì lọ. Jonah, wẹ́dà kan, ní àpótí ẹṣin tòkúnbọ̀ méjì nínú ọgbà rẹ̀. Ọ̀kan pupa, ìkejì aláwọ̀ eérú. Pupa ń dán, iná kéékèèké yí i ká, wọ́n ya orí ẹṣin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jonah ní, "Madam, dis one na correct something." Mo ká rọ́bà ilẹ̀ rẹ̀ sókè, mo yọ àlùmọ́gàjí nínú báàgì mi, mo fi ẹnu rẹ̀ gún pákó. Ó wọlé bí ẹni gún ẹ̀bà. Ìtọ̀ ẹṣin ti jẹ pákó náà rà pátápátá. Fèrèsé rẹ̀ kò ṣí. Jonah ń wo òkè.

Aláwọ̀ eérú burẹ́wà bí ìyà. Àmọ́ pákó rẹ̀ le, irin abẹ́ rẹ̀ kò dípẹtà, afẹ́fẹ́ ń gba òkè àti ẹ̀gbẹ́ wọlé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ di àtẹ̀gùn tí ìyá arúgbó lè gùn. Mo dúró nínú rẹ̀. Mo mí. Mo ní èyí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Fẹ́búárì

Bàbá Kékeré rí fọ́tò àpótí méjèèjì, pupa ló fẹ́. Ó ní aláwọ̀ eérú máa kó ìtìjú bá ẹbí nígbà tó bá wọ Ìlọrin. Mo ní ẹ ṣeun sà. Mo ti ra eérú.

Jímọ̀, 19 Fẹ́búárì

Àpótí dé iwájú ilé wa ní Barnawa. Gbogbo àdúgbò jáde. Mo ti àga Gàfárù síta kó wá rí i. Mo ti ń retí ẹ̀rín, kí n má purọ́, mo ti ń retí ọpẹ́. Ó wò ó. Ó fi ọwọ́ júwe pé kí n ti òun yí i ká. Nígbà tó dé iwájú, ó fi ọwọ́ òsì gbá a: gbà! gbà! "Hm! Hm!" Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Mo ní kí ló dé, ilẹ̀ dára, afẹ́fẹ́ wà. Ó tún gbá a. Mo bú sẹ́kún lójú gbogbo ayé. Mo pariwo mọ́ ọn pé kò sóhun tí mo ṣe tó ń tẹ́ ẹ lọ́rùn láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Mo pariwo mọ́ aláìsàn.

Bẹ̀llò ló rí i. Ó bọ́ sínú àpótí, ó lọ síbi tí orí ẹṣin á wà, ó bojú wẹ̀yìn wò mí. "Hajiya, ina mutum zai tsaya?" Níbo lèèyàn máa dúró sí? Gàfárù dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga. Gbogbo ohun tí a kà lórí fóònù, gbogbo ohun tí mo fi àlùmọ́gàjí gún, kò sẹ́ni tó rántí pé ẹṣin yìí kò dá nìkan rìnrìn-àjò rí. Àwọn tó ṣe àpótí kì í bá ẹṣin dúró. Tiwa ń bá a dúró.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó fi àtàǹpàkò òsì nu ojú mi.

Ọjọ́ Ajé, 22 Fẹ́búárì

Jonah ti gé ilẹ̀kùn kékeré sí ẹ̀gbẹ́ iwájú. Ó sún irin tó ń dá àyà ẹṣin dúró sẹ́yìn kí ẹnì kan lè rí àyè. Mo ní láti tẹrí ba kí n tó lè wọlé. Iṣẹ́ tó mọ́.

Àmọ́ Bẹ̀llò, tí à ń retí pé á dúró tì í, ní òun ò lọ. Wọ́n jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé lójú ọ̀nà Abuja, àwọn ẹbí ò sì tíì gbádùn láti ìgbà náà. Ó ní nínú lọ́rì, bí ìbọn bá dún, èèyàn á fò sílẹ̀ wọ igbó. Nínú àpótí ńkọ́? Ilham ní òun á dúró. Mo ní nígbà tí mo bá kú. Ta ló wá kù? Ó ku ìyàwó àgbà.

Ọjọ́rú, 24 Fẹ́búárì

Bẹ̀llò fi okùn lé mi lọ́wọ́. Orogún gbé imú wá, ó gbóòórùn hìjáàbù mi, ọrùn mi, ọwọ́ mi, kò fẹ́ tán. Bẹ̀llò ní òórùn ọ̀gá ló ń wá. Òróró tí mo fi ń pa ara Gàfárù láràárọ̀ ni. Nígbà tó yá, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé mi léjìká. Ó wúwo, ó gbóná. Mo dúró bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ẹlẹ́mìí ti fara tì mí láìjẹ́ pé mo ní láti gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Fẹ́búárì

Ó wọ àpótí! Bẹ̀llò kọ́kọ́ fà á, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Mo wọlé ṣáájú, mo fi ẹnu pè é bí Gàfárù ti máa ń pè é, ó tẹ̀ lé mi. Gàfárù ń wò wá láti inú mọ́tò Jonah. Ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ la máa lọ. Gàfárù àti Ilham á wà nínú mọ́tò tí Bàbá Kékeré máa wá wà, èmi àti orogún mi lẹ́yìn. Mo jẹ tùwó lálẹ́, ó dùn lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ajé, 1 Máàṣì

Gàfárù kú láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti sin ín kí a tó kírun Àsárì.

Ọjọ́rú, 3 Máàṣì

Mo ti wọ tákàbà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, inú ilé ni opó ń gbé. Kì í rìnrìn-àjò, kì í sun ìta. Àlùfáà fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé rẹ̀, kò mọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n, ó ṣojú mi nígbà tí ìyá mi ṣe tirẹ̀. Mi ò bá Ọlọ́hun jà.

Àmọ́ wọ́n ń ka Yásínì, èmi ń ro ẹṣin. Ta ni á bá a dúró? Ojú ń tì mí. Ọkọ mi kò tíì tutù tán nínú ilẹ̀. Láàárọ̀ mo na ọwọ́ sí ìgò òróró kí n tó rántí. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́, àyà mi ṣófo, mi ò mọ ohun tí àwọn ọwọ́ yìí tún wà fún.

Ọjọ́bọ̀, 4 Máàṣì

Katapílà ti dé Gonin Gora. Wọ́n ti wó ẹ̀gbẹ́ kan nínú ilé ẹṣin. Mo ti pe gbogbo ẹni tí Gàfárù tọ́ ẹṣin fún. Abo ẹṣin arúgbó tó ń húkọ́ — gbogbo wọn bá mi kẹ́dùn, kò sẹ́ni tó gbà á. Àwọn tó fẹ́ ẹ ni àwọn tó ń kó ẹṣin lọ sí ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Àgbàlá tí a háyà yìí kò gba àgbò Iléyá, ká má tíì sọ ti ẹṣin.

Bàbá Kékeré ò tíì padà sí Ìlọrin láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ní òun á gbé e, òun ti ṣèlérí fún òkú. Mo ní kò lè dá rìn. Ó ní, "Ìyá Ilham, ẹran ni. Àwọn òyìnbó ń dá a gbé káàkiri ayé." Ó ní òun ò lè ki ọmọ ẹ̀gbọ́n òun sínú irin lójú ọ̀nà yẹn. Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ ni Bẹ̀llò náà sọ. Gbogbo èèyàn ló ń sọ òótọ́, kò sì sẹ́ni tó máa dúró.

Jímọ̀, 5 Máàṣì

Wọ́n gbìyànjú, Orogún kọ̀. Wọ́n fà á, wọ́n tì í, wọ́n fi dáwà, ọkà bàbà, tàn án. Ó fẹsẹ̀ tilẹ̀ títí òógùn fi bo gbogbo ara rẹ̀.

Bàbá Kékeré wá bá mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, èyí tí kì í ṣe. Ó ní òun ti bi àlùfáà léèrè: bí nǹkan bá di dandan, opó lè jáde lójú ọ̀sán, kó ṣáà padà wá sùn nílé. Kí n kàn wá mú un wọlé. "Ẹ mú un wọlé, kí ẹ bọ́ síta, ká máa lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́la ni àwọn alápatà máa wá." Ó ń bẹ̀ mí. Mo bi í pé aago mélòó ni lọ́la. Ó mọ̀ pé mo gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Máàṣì

Mo lọ. Ilham bá mi wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọwọ́ mi mú dé Gonin Gora.

Orogún gbóòórùn mi láti òkèèrè, ó ké. Mo wọ àpótí, mo pè é ní Amárìyà. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó gun àtẹ̀gùn wọlé wẹ́rẹ́, ó gbé àgbọ̀n lé mi léjìká. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò gbọ̀n, kò bẹ̀rù, torí mo wà níbẹ̀. Mo so okùn rẹ̀ mọ́ irin. Mo rọra yọ èjìká mi lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹrí ba, mo gba ilẹ̀kùn kékeré jáde, mo fi ọwọ́ ara mi tì í.

Kò ṣe nǹkan kan. Ó ń retí mi. Ìgbà tí mọ́tò gbéra ló tó yé e. Gbogbo Gonin Gora gbọ́ igbe rẹ̀. Wọ́n bọ́ sí títì Abuja, wọ́n kọjá àwọn sójà tó ń dá ọkọ̀ dúró, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Bẹ̀llò lọ sẹ́yìn ògiri tó kù, kò fẹ́ kí n rí ojú òun.

Mo ti padà sílé kí oòrùn tó wọ̀, bí òfin ti wí.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Máàṣì

Bàbá Kékeré pè láti Lọ́kọ́ja. Ó kí mi, ó tún kí mi, ó bèèrè bóyá mo jẹun. Mo ní kó sọ ọ́.

Ó ní ẹṣin ń ta ìpá lójú ọ̀nà, àpótí ń mì, òun ò sì lè dúró nítorí kò sẹ́ni tó ń dúró níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Inú òun dùn, òun rò pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Lọ́kọ́ja ni òun ti ṣí i. Àná ni, òun ò rí ẹnu sọ ọ́. Ilẹ̀ àpótí gbẹ, pákó kan ò yẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa, búréèkì ń mú. Ó ní, "Ìyá Ilham, ẹ mọ nǹkan rà, àpótí yẹn ò ní àléébù kan." Ẹṣin ti já okùn. Ó ti gun irin àyà, ó ti fi orí já ilẹ̀kùn kékeré, ọrùn rẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn náà, ó sì ṣẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ńlá tó gbà wọlé wà lẹ́yìn rẹ̀, kò fi pátákò kàn án. Ibi tí mo gbà jáde ló fẹ́ gbà.

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo fi gbogbo ara sunkún, irú èyí tí mi ò sun lọ́jọ́ ìsìnkú. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù tó wá kí mi sáré yí mi ká. Wọ́n ń pa mí lẹ́yìn, wọ́n ní ó tó, ó tó, ọkọ yín ti lọ sinmi, èèyàn dáadáa ni. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún èkejì pé òun ò mọ̀ pé ìfẹ́ wa pọ̀ tó báyìí. Mo jẹ́ kí wọ́n rò pé Gàfárù ni mò ń sunkún.